Olùkọ́, kí lọmọ mi kọ́ níbẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ tó kọ̀wé láti Pọ́bẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa ṣiṣẹ́ fún ìlú kí wọ́n sì máa tibẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ àwọn òbí ń kùn pé ẹ fẹ́ sọ ọmọ wọn di alágbàṣe. Ojú mi ti rí i ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin wa yìí.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo kó àwọn ọmọ 4ème, ìyẹn ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, lọ gbá ọjà. A ò mú ìwé dání, a ò mú oògùn ojú egbò dání. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan fi tẹ àfọ́kù ìgò. Ọ̀kadà mi ni mo fi gbé e lọ síbi ìtọ́jú, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ wá. Kò pariwo. Ó jókòó, ó ní, "Olùkọ́, kí lọmọ mi kọ́ níbẹ̀?" Mi ò rí èsì kankan fún un. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Ohun tí mi ò tètè rí nìyí: ọmọ tó bá pẹ́ dé ilé ìwé la máa ń ní kó lọ gé koríko, kó gbálẹ̀. Ọmọ tá a fi ilẹ̀ gbígbá jẹ níyà lọ́jọ́ Ajé, tá a tún wá kó lọ gbá ọjà lọ́jọ́ Ẹtì, ìyà náà ló máa pè é, orúkọ yòówù ká fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgbálẹ̀ àti àdá bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ wá ohun tó wà nínú ìwé wọn tí ará ìlú sì ń wá.

Omi ni tiwa. Kànga Kétu jìn, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ń gbe omi òjò láti orí páànù. Mo lọ bi àwọn ìyá àgbà ní agboolé kan léèrè ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní omi inú táńkì kì í pẹ́ tán, ẹ̀fọn sì pọ̀ jù. Àwọn ọmọ gbé téèpù. Ọmọ kankan ò gun òrùlé o. Ilẹ̀ tí páànù bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Òjò mìlímítà 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ lítà 1. Páànù tó bo mítà onígun mẹ́rin 60, òjò mìlímítà 20 nínú agolo tá a gbé sí gbangba: lítà 1,200. Wọ́n wọn èyí tó wọ táńkì, kò tó ìdajì. Gọ́tà ti já níbi méjì.

Ti ẹ̀fọn ńkọ́? Ọmọkùnrin kan fi igbá bu omi táńkì. Tanwíjí kún un. Bí òjìji ọwọ́ rẹ̀ ṣe kọjá lórí omi, gbogbo wọn rì lọ sísàlẹ̀ pa pọ̀. A rọ wọ́n sínú ìgò, a fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀fọn ń fò lábẹ́ aṣọ. Ọmọ yìí, tí kì í dáhùn ní kíláàsì, ló gbé ìgò lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá àgbà, ó ní, "Ìyá, inú omi yín lẹ̀fọn yín ti ń wá." Ọjọ́ náà ni ìyá ní kí wọ́n wá àwọ̀n bo táńkì òun.

Lọ́jọ́ kejì, kálukú jókòó kọ ohun tó rí, ohun tó yà á lẹ́nu, àti ohun tó kù láti ṣe. Ẹ má fo èyí láéláé, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Ẹ tún bi mí ní iye wákàtí tó yẹ kí ọmọ fi ṣiṣẹ́ fún ìlú. Ní Maryland lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, òfin mẹ́nu ba wákàtí 75 irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ọmọ tó jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Èmi ò ní ka wákàtí. Ìwé tí wọ́n kọ ni mo máa ń kà. Ẹ sì fi àwọn ọmọ 3ème, ọdún kẹrin, sílẹ̀, ìdánwò BEPC tí wọ́n ń ṣe lópin ọdún náà ti tó wọn.

Kí ẹ tó jáde, ẹ pe àwọn òbí, ẹ fi ojú ewé tí iṣẹ́ náà ti jáde hàn wọ́n nínú ìwé. Bàbá ọmọ tó tẹ ìgò yẹn wà níbẹ̀ nígbà tí mo pe tiwa. Òun ló gbé àkàbà wá, tó fúnra rẹ̀ gùn ún, tó sì bá ìyá àgbà so gọ́tà náà padà.