Síso dashcam mọ́ fíúsì Corolla láì pa bátìrì

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá òun lè fọwọ́ ara òun so dashcam (kámẹ́rà tó ń ya fídíò ojú ọ̀nà látinú mọ́tò) mọ́ fíúsì Corolla 2010, kó máa ya fídíò lóru, kí bátìrì má sì kú mọ́jú: ẹ lè ṣe é láì pe réwáyà. Wáyà títẹ́ kọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Fíúsì tí wọn ò fi mítà wò kí wọ́n tó so nǹkan mọ́ ọn ni.

Kit tí wọ́n ń tà fún un ní wáyà mẹ́ta. ACC, tó sábà máa ń jẹ́ pupa, ń fẹ́ iná nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣí nìkan. BATT, tó jẹ́ yẹ́lò, ń fẹ́ iná tọ̀sán-tòru. GND dúdú ń lọ sára irin mọ́tò. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára wáyà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Ẹ ra fuse tap méjì (ohun tí ẹ máa tì bọ ihò fíúsì kí wáyà kámẹ́rà lè rí iná fà níbẹ̀) pẹ̀lú fíúsì 2A tàbí 3A méjì. Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ fa fíúsì kan yọ kí ẹ mú un dání: irú fíúsì méjì, mini àti low-profile mini, jọra, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ low-profile kì í yọ kọjá ike rẹ̀. Tap tí kò bá ihò mu á fẹ ihò náà, iná á sì máa ṣe ségesège.

Àpótí fíúsì wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀. Ẹ fi ẹnu dúdú mítà kan irin, kí ẹ fi pupa kan ojú irin kékeré méjì tó wà lórí fíúsì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà níta, àti nígbà tó wà ní ACC, ipò tí rédíò ti ń ṣiṣẹ́ láì sítáàtì mọ́tò. Èyí tó ka 0 nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà níta, tó wá ka nǹkan bí fólìtì 12 ní ACC, ti wáyà pupa nìyẹn. CIG, fíúsì ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá, sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń ka 12 nígbà gbogbo, bí OBD (ti ihò tí mẹkáníìkì máa ń so kọ̀ǹpútà mọ́), ni ti wáyà yẹ́lò. STOP náà máa ń níná nígbà gbogbo, àmọ́ iná bíréèkì ni, ẹ fi sílẹ̀. Ti airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀), ABS (ti bíréèkì), ECU (kọ̀ǹpútà mọ́tò) àti EPS (ti sítíárìn), ẹ má sún mọ́ wọn rárá. Tí pupa àti yẹ́lò bá jọ wà lórí iná tí kì í lọ, kámẹ́rà á gbà pé mọ́tò ṣì ń rìn, kò ní wọ parking mode (bó ṣe ń ṣọ́ mọ́tò tí wọ́n ti páàkì) láéláé, á sì máa mu iná bátìrì ní àmupara.

Tap ní ihò méjì. Fíúsì àtijọ́ ń padà sí ihò ìsàlẹ̀, èyí tó sún mọ́ ẹsẹ̀. Ti kámẹ́rà ń gba ti òkè. Ó tún ní ọ̀nà tó yẹ kó kọjú sí. Ẹ fi fíúsì kámẹ́rà nìkan sínú tap, kí ihò ìsàlẹ̀ ṣófo, kí ẹ tì í wọlé, kọ́kọ́rọ́ ní ACC tó bá jẹ́ ti CIG. Tí mítà bá ka 12 ní ẹnu wáyà tap, ó dáa. Tí ó bá ka 0, ẹ yí i padà. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lódì, kámẹ́rà á ṣì tàn, àmọ́ iná rẹ̀ á máa gba inú fíúsì méjèèjì kọjá, fíúsì CIG á sì máa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Wáyà dúdú: bóòtì sípánà 10 tó wọnú irin lóòótọ́ ni kí ẹ wá. Súkúrù tó wọnú ike kò wúlò, ọ̀dà lábẹ́ bóòtì náà ń dènà, ẹ ha á kúrò. Kámẹ́rà tó ń kú tó ń jí lójú gbágungbàgun, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ fi ìka ti wáyà sábẹ́ aṣọ òrùlé títí dé òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Tí wọ́n bá kọ SRS AIRBAG sára ike òpó náà, ẹ tú ẹnu négétífù bátìrì, kí ẹ dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá 90 lọ kí ẹ tó ṣí i. Ẹ̀yìn airbag ni wáyà gbọ́dọ̀ gbà, kí ẹ so ó mọ́ wáyà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má gbé e kọjá níwájú airbag láé: nígbà tó bá bú jáde, á gbá wáyà náà sójú ẹni tó jókòó síbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ ká a, ẹ so ó lókè, jìnnà sí pẹ́dàlì bíréèkì.

Kit á bi yín pé ní fólìtì mélòó ni kó ti gé iná. Bátìrì tó kún jẹ́ nǹkan bí 12.6, ní 12.2 ó ti sún mọ́ ìdajì, ní 11.8 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. 12.4 ni kí ẹ yàn tí bátìrì bá ti gbó, tàbí tó jẹ́ pé ìrìn kúkúrú nínú gosiló lẹ ń rìn, torí kì í ráyè kún padà. Kámẹ́rà tó ń fa 0.3A fún wákàtí 12 á gba 3.6Ah, bátìrì 45Ah tó dáa kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wá kámẹ́rà tó ń lo capacitor (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná) dípò bátìrì lithium, torí oòrùn wa máa ń mú kí bátìrì lithium inú kámẹ́rà wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó sítáàtì mọ́tò, ẹ fi mítà kan bátìrì. Tí ó bá ti lọ sísàlẹ̀ 12.2 nígbà tí ẹ ti yan 12.4, ẹ yọ fíúsì kámẹ́rà tó wà lórí yẹ́lò fún alẹ́ kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá ṣì ń wálẹ̀, kì í ṣe kámẹ́rà ló ń mu ún.