Ohun tí fọ́ọ̀mù ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "settled"

Àbúrò mi, ẹ béèrè bóyá ẹ lè kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìwé ìrìnnà ọmọ yín pé ẹ ti "settle" ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó bí i, nítorí pé ẹ ti ra ilé, ẹ sì níṣẹ́ gidi. Bí ó bá jẹ́ físà tó ní gbèdéke ni ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ní lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe kọ ọ́.

Nílé wa, ẹni tó san gbèsè ti "settle" olówó, ẹni tó parí ìjà tọkọtaya ti "settle" wọn, ọlọ́pàá ojú pópó ń retí kí awakọ̀ "settle" òun, ọmọ Ìgbò tó sin ọ̀gá tán sì ń retí owó tí wọn yóò fi "settle" òun. Òfin ọmọ onílùú ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1981, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọ tí ẹ bí síbẹ̀ jẹ́ ọmọ onílùú, kò ka ọ̀kankan nínú wọn sí. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ènìyàn máa gbé ibẹ̀, kí òfin ìwọ̀lú má sì fi gbèdéke sí iye ìgbà tí yóò lò. "Indefinite" tí àwọn ará wa ń sọ nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ìyàwó mi nìyí: agbẹjọ́rò tí a sanwó fún wo ìwé ilé wa, ó ní a ti "settle" pátápátá. Ilé iṣẹ́ ìwé ìrìnnà kò fún ọmọ wa ní ìwé ìrìnnà, wọn kò dá owó padà, lẹ́tà wọn kò sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà rárá. Bí a bá pè wọ́n, ẹnìkan á tì wá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, oníkálukú á sì máa ka gbólóhùn kan náà sí wa létí bí ẹni pé a kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àárín ìgbà yẹn ni ìyá ìyàwó mi dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìjẹ̀bú. Ọmọ kò lè bá ìyá rẹ̀ lọ, nítorí pé bó bá jáde, yóò nílò físà kó tó lè padà wọlé, ìyá àgbà sì kú láì fojú kàn án. Inú ṣì ń bí mi sí agbẹjọ́rò yẹn.

Bí ẹnikẹ́ni tó gba Ítálì wọlé bá ń ka èyí, "pre-settled", ìyẹn ìwé ìgbélùú onígbèdéke tí wọ́n fún àwọn ará Yúróòpù àti ẹbí wọn, kì í ṣe "settled" o.

Bí "indefinite" ọ̀kan nínú yín bá jáde, ẹ fi fọ́ọ̀mù MN1 forúkọ ọmọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílùú kí ó tó pé ọdún 18. Bí kò bá tètè jáde, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó sì gbé ibẹ̀ títí ó fi pé ọdún 10, ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù T, bí kò bá ti lò ju 90 ọjọ́ lọ lẹ́yìn odi nínú ọdún kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ìwé ilé ìwòsàn àti ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ìsinsìnyí.