Lactase àti Lactose: Lẹ́tà Kan Ló Yà Wọ́n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa ní Àbújá ni mò ń gbé. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo bá ti mu mílíìkì, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, á wú, ìgbẹ́ gbuuru á sì tẹ̀lé e. Dókítà tí mo lọ rí sọ pé lactase mi ni kò tó. Nígbà tí mo dé ilé oògùn, apòògùn tà hóró oògùn kan fún mi tí wọ́n kọ lactase sí lára, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n ṣọ́ra fún lactose. Ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì, pé àwọn tó tẹ páálí oògùn náà ló ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Ta ló tọ̀nà? Kí ló sì dé tí ìyá Fúlàní tó ń gbé nónò wá sí àdúgbò wa ń mu ún láràárọ̀ tí nǹkan kan kì í ṣe é?

ÌDÁHÙN: Apòògùn ló tọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ yín kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi ọ̀kan pe èkejì. Lactose ni ṣúgà tó wà nínú mílíìkì láti ọ̀dọ̀ màlúù wá. Lactase ni ẹ́ńsáìmù (ohun tí ara ń ṣe láti fi tú oúnjẹ) tó ń gé ṣúgà náà sí méjì. Ọ̀kan jẹ́ iṣu, èkejì jẹ́ ọ̀bẹ.

Èdè Látìn ni wọ́n ti mú orí ọ̀rọ̀ méjèèjì, mílíìkì ló sì túmọ̀ sí. Ìrù wọn ló yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì máa ń fi -ose parí orúkọ ṣúgà, wọ́n sì máa ń fi -ase parí orúkọ ẹ́ńsáìmù, tí wọ́n á fi orúkọ ohun tí ẹ́ńsáìmù náà ń ṣiṣẹ́ lé lórí ṣe ìbẹ̀rẹ̀: sucrase ló ń gé sucrose, maltase ló ń gé maltose. Ní 1833 ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Anselme Payen àti Jean-François Persoz, rí ohun kan yọ lára ọkà báálì tó ti hù, tó lè sọ sítáàṣì di ṣúgà, wọ́n sì pè é ní diastase. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ ni Émile Duclaux, ará Faransé bíi tiwọn, dábàá pé kí wọ́n gé ìrù orúkọ yìí fún àwọn ẹ́ńsáìmù yòókù. Pepsin, ẹ́ńsáìmù inú ikùn wa, kò ní ìrù náà nítorí pé ó ti ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀ láti 1836. (Àwọn obìnrin tó ń fi ọkà bàbà tó ti hù pọn burukutu ní Àríwá níhìn-ín, irú ẹ́ńsáìmù kan náà ni wọ́n ń lò, láìbi Payen léèrè.) Nítorí ìrù yìí la ṣe fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n sára páálí, kí ẹni tó bá dé ìsọ̀ lè dá wọn mọ̀.

Ara ògiri ìfun kékeré ni lactase ti ń ṣiṣẹ́. Ṣúgà oníméjì ni lactose, ìyẹn ṣúgà glucose àti galactose tó so mọ́ra, ìfun kò sì lè gbà á sínú ẹ̀jẹ̀ àfi bí lactase bá kọ́kọ́ tú u. Ọmọ ọwọ́ ní lactase púpọ̀ nítorí pé ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 7 lactose ló wà nínú 100 mílílítà omi ọmú, nígbà tí ti màlúù jẹ́ nǹkan bíi 5. Lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, lactase á máa dínkù díẹ̀díẹ̀ lára èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ aráyé. Lactose tí a kò rí gé á wá sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun ńlá, á máa fa omi mọ́ra, àwọn bakitéríà tó ń gbé ibẹ̀ á sì fi ṣe oúnjẹ, wọ́n á máa tú gáàsì jáde. Òun lẹ ń gbọ́ tó ń kùn.

Gbólóhùn dókítà yín péye nígbà náà: lactase ni kò tó, lactose ni ara kò gbà. Ẹni tó bá sọ pé lactase kò bá òun lára mu ti yí ọ̀rọ̀ náà sódì. Kò sì yẹ kí a pè é ní alájì, nítorí pé nínú alájì mílíìkì, purotéènì ni ara ń bá jà, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí ènìyàn. N kò tilẹ̀ fẹ́ràn kí a máa pè é ní àìsàn. Ní 1971, Norman Kretchmer, ará Amẹ́ríkà, àti Olikoye Ransome-Kuti, tó padà wá di mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ wa, tẹ ìwádìí kan jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lórí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà, wọ́n sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni ara wọn kò gba lactose, nígbà tí ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè mu mílíìkì láìsí wàhálà. Àwa tí lactase wa ń dínkù la pọ̀ jù láyé. Àwọn ìran tó ti ń fi mílíìkì jẹun láti ayébáyé ni lactase tiwọn kì í lọ.

Ìyẹn dáhùn ìdajì ìbéèrè yín nípa ìyá Fúlàní. Ìdajì tó kù ni pé nónò kì í ṣe mílíìkì tútù: bakitéríà ti jẹ nínú lactose rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di ásíìdì tó mú un kan, wọ́n sì ní ẹ́ńsáìmù tiwọn tó lè gé lára èyí tó ṣẹ́ kù. Ti wàrà tilẹ̀ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé omi tó ń ro kúrò lára rẹ̀ nígbà tó bá dì ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú lactose lọ. Oje ewé bọmubọmu tí wọ́n fi ń mú un dì pàápàá, ẹ́ńsáìmù ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ purotéènì ni ìyẹn ń gé.

Ẹ kò ní láti fi mílíìkì sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ẹni tí lactase wọn kò tó lè gba nǹkan bíi gíráàmù 12 lactose lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn bí ife mílíìkì kan, pàápàá bí wọ́n bá fi jẹun. Kí ẹ ṣọ́ra fún mílíìkì agolo tí wọ́n ti gbẹ omi rẹ̀, nítorí pé lactose rẹ̀ ki. Bí ẹ bá fẹ́ lo hóró lactase, ìgbà tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mu mílíìkì ni kí ẹ gbé e mì. Bí inú bá ti ń kùn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń wá láìjẹ́ pé ẹ mu mílíìkì, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra mílíìkì kan ní Kàdúná tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní lactose, bẹ́ẹ̀ mo rí lactase láàárín àwọn èròjà rẹ̀. Ó sì dùn ju mílíìkì lásán lọ. Ṣé wọ́n bu ṣúgà sí i ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Lactase tí ẹ rí yẹn ni wọ́n fi gé lactose inú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, glucose àti galactose tó tú sílẹ̀ sì dùn lẹ́nu ju lactose lọ. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ má ṣe kà á sí mílíìkì tí kò ní ṣúgà: bí ṣúgà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì pọ̀ tó.