Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ló Rẹ́ Ta Jẹ Nínú Òwò Orí Géèmù?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 17, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Kàdúná jọ máa ń gbá géèmù Warframe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi káàdì báǹkì wọn ra platinum, ìyẹn owó inú géèmù náà, fún ọmọ wọn. Èmi kò náwó kọ́bọ̀ lé e lórí rí. Nígbà ìsinmi, ọmọ mi ta ẹ̀yà ìbọn kan fún àbúrò rẹ̀ yìí ní platinum 60. Lẹ́yìn náà ni ọmọ Kàdúná rí i pé 15 ni àwọn mìíràn ń tà á. Nígbà tí mo wádìí, ọmọ mi jẹ́wọ́ pé àbúrò òun bi òun bóyá iye tí wọ́n ń tà á nìyẹn, òun sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní olè ni, pé ẹni tí kò sanwó kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí ẹlòmíràn fi owó rà, nítorí náà kí ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọmọ mi ní òun ṣiṣẹ́ fún un. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kubwa, Àbújá

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wọnú ara wọn nínú ẹjọ́ yìí, ó sì yẹ kí a tú wọn sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ẹ̀gbọ́n yín ṣáájú. Bí a bá yọ ẹ̀bùn ráńpẹ́ kúrò, irú bíi platinum 50 tí wọ́n ń fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò tilẹ̀ ṣeé fún ẹlòmíràn, owó gidi ni wọ́n fi ń ra platinum lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Digital Extremes tí ó ṣe géèmù náà. Platinum tí ó dé ọwọ́ ọmọ yín, ẹnì kan ti sanwó rẹ̀. Inú eré ni ẹ̀yà ìbọn ti ń wá ní tirẹ̀: ọmọ yóò wá ohun tí wọ́n ń pè ní relic, yóò gbé e lọ sójú ìjà, yóò ṣí i, oríire ni yóò sì pinnu ohun tí yóò bá nínú rẹ̀, ó lè ṣí ọ̀pọ̀ kí èyí tí ó ń wá tó yọjú. Ẹni tí ó lówó tí kò ráyè ń ra iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ráyè tí kò lówó, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe ààyè fún irú òwò bẹ́ẹ̀. Kò sí olè níbẹ̀. Èmi tilẹ̀ rò pé, láti ìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè máa ra nǹkan tí wọ́n ń fi dọ́là díye lé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀tá inú ẹ̀rọ ni àwọn tó ń gbá Warframe sábà máa ń pawọ́ pọ̀ bá jà, nítorí náà ìbọn tí ẹnì kan rà kò pa ẹlòmíràn lára. Bí ó bá jẹ́ géèmù tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà ni, ìdáhùn mi ì bá yàtọ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín kò ṣàdédé bínú. Ilé-iṣẹ́ Blizzard, tí òun náà ń ṣe géèmù, dá ọjà kan sílẹ̀ nínú géèmù rẹ̀ tó ń jẹ́ Diablo III ní ọdún 2012, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi owó gidi ra ohun ìjà lọ́wọ́ ara wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2014 wọ́n tì í pa, nítorí wọ́n rí i pé ọjà náà ti ń ba adùn eré jẹ́.

Ọ̀ràn iye ni ó le. Warframe fi òfin de òwò náà dáadáa: ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ dé Mastery Rank 2, ìyẹn ipò tí ènìyàn ń gùn bí ó ṣe ń gbá géèmù náà, ó gbọ́dọ̀ fi ààbò onípele méjì sí àkáǹtì rẹ̀, iye ìgbà tí ó lè ṣòwò lójúmọ́ sì wà lọ́wọ́ ipò tí ó dé. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan lórí iye tí ènìyàn lè pe ọjà. Bí ọjà Wuse ni ó rí: ẹni tí ó mọ ọjà ná yóò rà á pọ́ọ́kú, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Àbújá yóò san ohun tí wọ́n bá pè. Platinum fúnra rẹ̀ kò wọ́n bákan náà fún gbogbo ènìyàn, torí pé géèmù náà máa ń ta ẹ̀dínwó lé àwọn kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá wọlé, ó sì lè tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn géèmù mìíràn ti gbà á lọ́nà tí ó yàtọ̀. Nínú World of Warcraft, ènìyàn lè fi owó gidi ra ohun tí wọ́n ń pè ní token lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, kí ó sì tà á fún ẹlòmíràn ní góòlù, owó inú géèmù náà. Láti ọdún 2015, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni ó ń pe iye góòlù tí token kan jẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ tà á ń rí iye tí yóò gbà kí ó tó gbé e sọ́jà, ẹni tí ó bá rà á kò sì lè tún un tà.

Bí ọmọ yín bá pe 60 tí ó sì dákẹ́, ǹ bá ní kí ọmọ Kàdúná fi kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọmọ yìí bèèrè, ẹni tí ó fọkàn tán ni ó ṣì í lọ́nà. Ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ wà. Kí ó dá 45 padà, kì í ṣe 60, nítorí ẹ̀yà ìbọn náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á. Bí ó bá ti ná platinum náà, kí ó fi ẹ̀yà mìíràn tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ dí i. Kí òun fúnra rẹ̀ sì pe ẹ̀gbọ́n yín lórí fóònù láti tọrọ àforíjì; ẹ má bá a bẹ̀bẹ̀.

Ẹnì kan ń ta platinum fún wa ní náírà lórí WhatsApp, ìdajì iye tí ilé-iṣẹ́ ń tà á. Ṣé ó tọ́ kí n rà á?
Akẹ́kọ̀ọ́, Zaria

Rárá. Òfin géèmù náà kò gba kí ẹnikẹ́ni ta platinum fún ẹlòmíràn ní owó gidi. Ẹ bi ara yín léèrè bí ẹni náà ṣe ń tà á ní ìdajì: nígbà mìíràn, káàdì olóníkáàdì ni wọ́n fi rà á. Bí ẹni tí ó ni káàdì bá fẹjọ́ sun báǹkì rẹ̀, tí báǹkì gba owó náà padà, ilé-iṣẹ́ lè yọ platinum ọ̀hún kúrò ní àkáǹtì ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kódà kí ó ti ná an, kí àkáǹtì náà wá jẹ gbèsè, kí wọ́n sì dá a dúró láti ṣòwò. Bí ẹ bá ti rà nínú rẹ̀, ẹ má ná an, ẹ má sì fún ẹlòmíràn. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń ran oníbàárà lọ́wọ́ nílé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì sọ bí ó ṣe dé ọwọ́ yín fún wọn kí àwọn fúnra wọn tó ṣàwárí rẹ̀.