Ọkọ̀ Apẹja Tí Ìjọba Gbà fún Ogun: Ẹ Má Fi Orúkọ Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bèèrè rí ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n kọ “HMT Bedfordshire, 1942” sí, ó sì fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń tọpa ìtàn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn mi rèé: ẹ má fi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nínú iṣẹ́ yìí.

HMT fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fìn. Lára tírọ́là, ìyẹn ọkọ̀ apẹja tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun, “His Majesty's Trawler”, tírọ́là ọba, ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni wọ́n ń kọ fún ọkọ̀ akérò tó ń kó sójà. HMT ni wọ́n kọ fún Lancastria tó tó tọ́ọ̀nù 16,243. Tọ́ọ̀nù 443 péré ni Bedfordshire. Ọ̀fìn kejì ni FY 141 tí àwọn ọmọ ogun ojú omi fún un. Ẹni tó bá mọ lẹ́tà àwọn èbúté apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, GY fún Grimsby, H fún Hull, FD fún Fleetwood, á rí FY, á sì gba Fowey ní Cornwall lọ, torí pé FY ni lẹ́tà Fowey nínú ìwé àwọn apẹja. FY ti ogun kò bá Fowey tan rárá. Grimsby ni Bedfordshire ti ń ṣiṣẹ́ ẹja.

Nọ́ńbà tí kì í yí padà ni nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ìjọba, èyí tí wọ́n gbẹ́ sára ìdábùú ńlá tó gbé àjà ọkọ̀ dúró. Wọ́n lè ta ọkọ̀, wọ́n lè pa orúkọ rẹ̀ dà torí pé ọkọ̀ ogun mìíràn ń jẹ́ orúkọ náà, ó lè kó láti èbúté kan sí òmíràn kí lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí. Nọ́ńbà yẹn kò ní kúrò níbẹ̀ títí wọn ó fi fọ́ ọkọ̀ náà. Ẹ lọ wò ó nínú Lloyd's Register, ìwé àkójọ àwọn ọkọ̀ òkun, ti 1930 sí 1945, tí wọ́n ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ Plimsoll Ship Data. Ẹ bá a wé ọdún tí wọ́n kàn án àti ibi tí wọ́n ti kàn án. Ti Bedfordshire, 1935 ni, ní ilé iṣẹ́ Smiths Dock ní South Bank létí odò Tees. Bí ọdún àti ibi kò bá bára mu, ọkọ̀ ẹlòmíì lẹ dì mú. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá lọ sí National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba ilẹ̀ Britain ní Kew: BT 110 fún ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ti pa dé, ADM 208 fún àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ ogun kéékèèké tó wà ní omi ilẹ̀ Britain. Omi ilẹ̀ Britain nìkan o. Ọkọ̀ tí wọ́n bá rán lọ sókè òkun, ẹ má retí pé ẹ ó rí i níbẹ̀.

Ìjọba gba Bedfordshire ní oṣù kẹjọ 1939, kí ogun tó bẹ́. Ohun tí wọ́n yọ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ṣe pàtàkì bí ohun tí wọ́n fi kún un. Tírọ́là máa ń ní férémù irin tó tẹ̀ bí ọrun lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wáyà àwọ̀n ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń so pátákó ńlá tó ń la ẹnu àwọ̀n mọ́. Bí ọkọ̀ náà bá máa lépa ọkọ̀ abẹ́ omi, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé bọ́ǹbù tí ọ̀tá dẹ sínú òkun ló máa gbá, wọ́n á fi wíǹṣì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ká wáyà, sílẹ̀, torí wíǹṣì tó fa àwọ̀n náà ló máa fa wáyà tó ń gé okùn bọ́ǹbù. Nítorí náà, bí fọ́tò bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, iwájú yàrá ìtukọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bóyá wíǹṣì wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ tó ṣe.

Alépa ọkọ̀ abẹ́ omi ni Bedfordshire. Wọ́n gbé ìbọn ńlá oní-íǹṣì mẹ́rin kan sí i, wọ́n fún un ní ìbọn arọ̀jò-ọta Lewis, wọ́n sì kó bọ́ǹbù tí wọ́n ń jù sábẹ́ omi fún un. Inú ọkọ̀ tírọ́là, níbi tí wọ́n ń kó ẹja àti yìnyín sí, ni àwọn ọmọ ogun wá ń sùn. Ibi tó ti ń mẹ́hẹ ni eré. Ọkọ̀ abẹ́ omi ilẹ̀ Jámánì lè sá nọ́ọ̀tì 17 (nọ́ọ̀tì ni ìwọ̀n eré ọkọ̀ ojú omi) lójú omi. Tírọ́là tó bá sá 12 ti gbìyànjú. Àìlèsáré yìí kan bọ́ǹbù náà pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n ń pè ní Mark VII wúwo tó pọ́n-ùn 420, 290 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun abúgbàmù. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 ló ń rì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ kó bú ní ẹsẹ̀ bàtà 50, ìṣẹ́jú àáyá 7 ni wọ́n ní. Ní nọ́ọ̀tì 12, ọkọ̀ á ti rìn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 140, bẹ́ẹ̀ gígùn Bedfordshire jẹ́ 162. Ìdí ọkọ̀ tiwọn gan-an wà nínú ewu.

Ní 1942, Britain yá Amẹ́ríkà ní irú ọkọ̀ yìí 24, Bedfordshire sì wà lára wọn. Ọkọ̀ abẹ́ omi U-558, tí Günther Krech ń darí, fi tọ́pídò rì í nítòsí Cape Lookout ní North Carolina. Gbogbo èèyàn 37 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ẹ ó rí ọjọ́ méjì nínú ìwé, 11 àti 12 oṣù karùn-ún, kò sì sí èyí tó parọ́. Aago Jámánì ni ọkọ̀ abẹ́ omi ń lò, ó sì fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ti etíkun Amẹ́ríkà nígbà náà: aago 5:40 ìdájí ọjọ́ 12 ní tiwọn ni 11:40 alẹ́ ọjọ́ 11 níbẹ̀. Ẹ kọ aago tí ẹ ń lò sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí n tún àṣìṣe kan tó kan Èkó ṣe, torí ó wọ́pọ̀. Maid Honor, tírọ́là onígi aláfẹ́fẹ́ láti Brixham, kúrò ní Poole ní oṣù kẹjọ 1941, ó dé Freetown, ó sì wá sí Èkó. Ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ pé òun ni àwọn ọmọ ogun Britain gbé lọ jí ọkọ̀ Ítálì kan, Duchessa d'Aosta, kó ní erékùṣù Fernando Po (Bioko lónìí). Kò bá wọn lọ. Vulcan àti Nuneaton, ọkọ̀ afà méjì, ni wọ́n gbé kúrò ní Èkó ní 11 oṣù kìíní 1942, tí iṣẹ́ náà sì wáyé lóru ọjọ́ 14.

Ní ti orúkọ àwọn tó kú: ìrántí Royal Naval Patrol Service, ẹ̀ka ọmọ ogun ojú omi tó ń lo irú ọkọ̀ yìí, tó wà ní Belle Vue Park ní Lowestoft ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní orúkọ 2,385, ṣùgbọ́n àwọn tí òkun nìkan jẹ́ ibojì wọn ló wà fún. Bí ẹ kò bá rí orúkọ ẹni yín níbẹ̀, ẹ má sọ pé ó yè. Ẹ wo Ocracoke, erékùṣù kan ní North Carolina. Òkun gbé òkú Thomas Cunningham àti Stanley Craig, àwọn ọmọ Bedfordshire, síbẹ̀ ní 14 oṣù karùn-ún 1942, ìgbà yẹn ni Amẹ́ríkà sì tó mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti rì. Aycock Brown, tó ń ṣe ìwádìí fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ló dá Cunningham mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, Cunningham yìí kan náà ti fún Brown ní àsíá Britain láti fi sin àwọn atukọ̀ mìíràn. Sàréè mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lónìí. Méjì kò lórúkọ, wọ́n sì gbà pé ọmọ Bedfordshire ni wọ́n. Ara orúkọ Lowestoft ni tiwọn ṣì wà.