Èmi náà fi ojú ara mi rí i

Ẹ̀yin ará wa, mo ti ka gbogbo àríyànjiyàn yín lórí eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní 1953 yẹn. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, bó ṣe lọ nìyí: wọ́n pa ọkùnrin olówó kan sínú ilé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí kùrukùru bo ìlú. Opó kan tó ń ta ìwé ìròyìn nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní òun rí ẹni tó jáde ní géètì olóògbé lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n to àwọn ọkùnrin sórí ìlà, ìyá náà sì nawọ́ sí akọ̀wé kan. Gbogbo ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ti parí, àfi ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó lọ dúró sí ìdí àtẹ ìyá yìí ní odidi òwúrọ̀ kan, ó ń wo àwọn tó ń rajà, lẹ́yìn náà ló wá bi í pé, "Ìyá, ǹjẹ́ ẹ ti rí ojú yìí níbòmíràn rí?"

Ibẹ̀ ni inú ti bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹnì kan ní irọ́ gbuu ni, pé kò sí ọlọ́pàá ayé àtijọ́ tí ẹlẹ́rìí máa sọ fún pé "mo rí i" tí á tún máa wá bí ẹlẹ́rìí náà kò ṣe rí i. Ó ní ńṣe ni wọ́n kàn ń fa eré gùn kí ó lè dé apá kejì. Ó wá pa á lówe: ìròyìn kò tó àfojúbà.

Èmi fojú bà á. Ìdí tí mo fi dá sí i nìyẹn. Nínú gbogbo eré yẹn, ibi tí ẹ pè ní irọ́ gan-an ló dà bí òótọ́ jù lójú mi, débi pé mo dìde níwájú tẹlifíṣàn, mo lọ jókòó síta.

Ní 1981, Ṣágámù la wà, èmi àti ìyá ọkọ mi, obì gbàǹja là ń tà. Ẹni tó bá mọ Rẹ́mọ á mọ bí ilé olóbì ṣe máa ń rí tí ọdún bá ń lọ sópin: apẹ̀rẹ̀ á kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn oníbàárà á ti dé láti òkè Ọya, òórùn ewé tútù tí a fi ń dì í á gba gbogbo ilé kan. Owó náà á sì wà nílé, torí pé lójú ẹsẹ̀ la ń san owó fún àwọn àgbẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan, bí aago méjì, wọ́n já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n jẹ́ mẹ́ta. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, àtùpà kan ṣoṣo ló wà lórí àpótí, mo sì ti yí i wálẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, ó ní bí mo bá gbin, òun á pa mí. Wọ́n kó owó obì, wọ́n kó aṣọ dámáàsì méjì, wọ́n gbé máṣíìnì ìránṣọ tí bàbá mi rà fún mi nígbà tí mo ń lọ ilé ọkọ. Máṣíìnì yẹn wúwo. Nígbà tí ẹni tó gbé e fẹ́ já a sílẹ̀, onítọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbè é lẹ́sẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì kọjá lójú òun fúnra rẹ̀. Bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́jú ni. Mo rí i.

Sítétímẹ́ǹtì tí mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì kò kún ojú ewé kan. Ọkùnrin ni, ó ga díẹ̀, ó dúdú, mi ò mọ̀ bóyá ó kọlà. Ohun tí mo mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé wa. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ènìyàn ti ń ya wọlé: ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire, ṣé ẹ rí ojú wọn? Mo ní mo rí ẹnì kan. Báwo ló ṣe rí? Mo sọ ọ́. Àwọn ará ọjà dé, mo tún un sọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo tún un sọ. Àwọn ẹbí wá láti Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìperu, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú náà ń mọ́ sí i. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹjọ, mo ti mọ bí imú rẹ̀ ṣe rí. Mo ti mọ̀ pé ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Mi ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Bí wọ́n bá gbé Bíbélì fún mi nígbà yẹn, màá búra.

Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí tésàn. Wọ́n ti kó àwọn ọkùnrin kan nínú ọjà, wọ́n to bíi mẹ́jọ sẹ́yìn ilé lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní kí n máa rìn lọ kí n fọwọ́ kan ẹni tí mo bá mọ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹnì karùn-ún, àyà mi já. Mi ò rò ó rárá. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, ẹnu mi gbẹ, gbogbo ara mi mọ̀ ọ́n kí n tó lanu. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé mi ní, "Ẹ ṣé, ìyàwó. Ẹ ti mú un." Bí iyèméjì kankan bá kù nínú mi, ọ̀rọ̀ yẹn ló lé e lọ.

Ọkùnrin náà kò fọhùn, ó ń wò mí ṣáá. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Ó kó ọwọ́ síwájú, àwọ̀ obì ti pọ́n ọn bí irin tó dípẹtà, èyí tí ọṣẹ kì í mú kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá ń bá obì ṣe lójoojúmọ́. Mo sọ nínú ara mi pé ẹ ò rí i, ó mọ ilé tí owó obì wà.

Alábàárù ni. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ náà, òun bá lọ́rì obì lọ sí Kano láti máa ṣọ́ ẹrù. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Awakọ̀ kò tíì dé láti òkè Ọya. Nígbà tó dé, ó mú wébíìlì wá, ọjọ́ tí wọ́n gbéra wà lórí rẹ̀, ó sì ní òun àti ọkùnrin yìí ni. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà, kí ló máa ṣe tí kò ní gbè é? Mo sọ ọ́ sókè níwájú ọ̀gá tésàn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọkùnrin yẹn lò ní àtìmọ́lé nítorí ojú mi.

Máṣíìnì ló gbà á sílẹ̀. Wọ́n mú ẹnì kan ní Ìkòròdú níbi tó ti fẹ́ tà á. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ máṣíìnì àti èyí tó wà lórí rìsíìtì tí bàbá mi fi pamọ́ sínú àpótí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni yẹn fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ àwọn méjì yòókù. Alábàárù kò sí níbẹ̀.

Èmi àti ìyá ọkọ mi lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀, mi ò lè gbójú sókè. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ dìde. Mo ti rò ó títí níbi tí mo wà, ìdí tó fi jẹ́ èmi lẹ mú. Ẹ̀yin lẹ máa ń fún mi lómi."

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Bó bá ti sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, á dúró níwájú mi, màá bu omi fún un nínú ife irin, á gbé e mu, á sì dá ife padà fún mi. Ojú rẹ̀ àti ojú mi kò ju apá kan síra wọn lọ. Bí ọgbọ̀n ìgbà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyà mi tó já lábẹ́ igi máńgòrò kò parọ́ pé mo mọ ojú yẹn. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n ni ara mi kò sọ fún mi, kò sì sí ẹnì kan ní tésàn tó bi mí léèrè.

Ìbéèrè ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìyẹn o. Akọ̀wé yẹn ń ra ìwé ìròyìn lọ́wọ́ opó náà láràárọ̀. Ẹ tún eré náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń san kọ́bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kú.

Ẹ má sì sọ pé àwọn Òyìnbó ayé ìgbà yẹn kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi tó jẹ́ lọ́yà ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Adolf Beck fún mi, mo sì ti kà á ní àkàtúnkà. Ní 1896, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn obìnrin tí gbájú-ẹ̀ kan lù ní jìbìtì tò wá sí kóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní Beck ni. Ó lé lẹ́ni márùn-ún dáadáa, obìnrin tó lajú, lójú mọmọ, tí wọ́n ti bá gbájú-ẹ̀ yẹn jókòó sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ Beck sẹ́wọ̀n ọdún méje. Ìwé ẹ̀wọ̀n sọ pé wọ́n ti kọ ọ̀daràn gidi nílà abẹ́, wọn kò sì kọ Beck nílà abẹ́, síbẹ̀ wọn kò tú u sílẹ̀. Ó jáde ní 1901. Nígbà tó di 1904, wọ́n tún mú un, àwọn obìnrin mìíràn tún ní òun ni, kí ọwọ́ tó tẹ ọ̀daràn gidi lọ́dún yẹn kan náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fún ọ̀ràn ọ̀daràn sílẹ̀ ní 1907. Tí àwọn obìnrin yẹn bá lè ṣì í, ta ni èmi tí mo rí ojú ní ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tọ́ọ̀ṣì?

Ẹ tún wo ọdún tí wọ́n gbé eré náà sí. Ní oṣù kẹta 1950, wọ́n yẹgi fún Timothy Evans ní Lọ́ńdọ̀nù pé ó pa ọmọ rẹ̀. John Christie tí wọ́n jọ ń gbé ilé jẹ́rìí ta kò ó. Ní 1953 ni wọ́n wá rí òkú àwọn obìnrin nínú ilé kan náà, tí àṣírí sì tú pé Christie ló pa wọ́n. Ọdún 1966 ni wọ́n tó dárí ji Evans, òkú kò sì gbọ́. Ìròyìn tí opó yẹn ń tà lórí àtẹ rẹ̀ lọ́dún náà nìyẹn. Ọlọ́pàá tó bá ń ka irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀, tó mọ̀ pé okùn ń dúró de ẹni tí òun bá mú, kí ló dé tí kò ní lọ dúró ní ìdí àtẹ fún òwúrọ̀ kan?

Àwọn ẹ̀sùn yòókù, mo gba díẹ̀. Ẹni tó ní ìtẹ̀ka kò tíì sí nígbà yẹn ṣì í: ọdún 1901 ni Scotland Yard, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù, dá ẹ̀ka ìtẹ̀ka sílẹ̀, ní 1905 ni wọ́n sì fi ìtẹ̀ àtàǹpàkò lórí àpótí owó mú tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń jẹ́ Stratton. Ṣùgbọ́n kí èsì ìtẹ̀ka jáde kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán bó ṣe rí nínú eré yẹn, rárá. Ojú àti awò ni wọ́n fi ń yẹ káàdì wò nígbà yẹn, kò sí kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó sì ní kí àwọn tiwa ṣe irú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe é. Kí ẹ sáà rántí pé apá òsì títì la ti ń wakọ̀ títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, pé pọ́n-ùn àti ṣílè la fi ń ná ọjà kí náírà tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1973, pé ṣòkòtò péńpé ni kọ́nstébù máa ń wọ̀ nígbà náà. Èmi á fojú sí i.

Ibi tí eré yẹn ti já mi kulẹ̀ gan-an, ẹnì kankan nínú yín kò mẹ́nu bà á. Bí ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe ṣàlàyé fún opó náà tán ló gbọ́wọ́ bo ẹnu, ó sunkún, ó ní òun ti ṣì í. Ìṣẹ́jú kan péré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo bínú sí awakọ̀, mo bínú sí wébíìlì. Ọjọ́ tí máṣíìnì dé pàápàá, mo ṣì ń wá ọ̀nà tí alábàárù yẹn lè fi wà nínú rẹ̀. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí mo kúnlẹ̀ kí ọkàn mi tó gbà.

Ojú mi kò sì tíì gbà. Mo rí olè gidi ní kóòtù, ọ̀sán gangan, mo wò ó dáadáa, mi ò sì rántí ojú rẹ̀ mọ́. Bí iná bá lọ lóru, tí mo bá pajú dé, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ gbé máṣíìnì, tí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ń kọjá lójú rẹ̀, alábàárù tí mo ń fún lómi ni.