Bó o ṣe lè rí ẹni tí yóò tọ́ ẹ sọ́nà

Ìwọ tó o ní o kọ̀wé sáwọn èèyàn ńlá ńlá pé "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa tọ́ mi sọ́nà", tẹ́nì kankan ò sì fèsì, kì í ṣe pé wọ́n fojú tín-ín-rín ẹ. Ẹrù tó o fẹ́ gbé lé wọn lórí ni kò ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá gbà kò mọ iye wákàtí tó máa ná òun, kò mọ ìgbà tó máa parí, kò sì tíì mọ irú èèyàn tó o jẹ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó o mú lọ, èyí tí wọ́n lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó: ẹni tó o jẹ́, ibi tó o báṣẹ́ dé, ohun tó o ti dán wò àti ibi tó ti há, kó o tó wá béèrè. "Báwo ni mo ṣe lè tẹ̀ síwájú?" kò lórí, kò nídìí. Àmọ́ tó o bá ní, "Iṣẹ́ méjì ni wọ́n fi lọ̀ mí, owó ọ̀kan pọ̀, èkejì ní ọ̀gá tí mo lè kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí lẹ máa kọ́kọ́ wò tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni?", wọ́n á rí nǹkan sọ.

Tí èsì bá dé, ṣe ohun tí wọ́n ní kó o ṣe, kó o sì padà lọ jábọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, títí kan ibi tó ti kùnà. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á pòórá, ó di ìgbà tí wàhálà mìíràn bá dé. Lẹ́yìn tó o bá ti jábọ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, o lè wá bẹ̀bẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóṣù, fún oṣù mẹ́fà péré. Ẹni tó bá rí òpin nǹkan kì í pẹ́ gbà.

Ẹni tó fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí méje ṣíwájú ẹ lẹ́nu iṣẹ́ ló dáa jù, lójú tèmi. Ó ṣì rántí bí ibi tó o wà ṣe rí. Ọ̀gá àgbà lè ti gbàgbé, ilẹ̀kùn tó gbà wọlé sì lè ti tì. Má fi ẹni tó ń pinnu owó oṣù ẹ ṣe ẹni tí yóò máa tọ́ ẹ sọ́nà, torí o ò ní lè sọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹ́ lẹ́sẹ̀ fún un.

Tí ẹnì kan bá wá ń bínú ní gbogbo ìgbà tí o ò bá gba ìmọ̀ràn rẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o rọra yẹra.